Orin Tí Yínúsà Rà ní Jahi

Ọjọ́ kẹtàlélógójì tí wọ́n sin Balkis ni ìyá rẹ̀ tó bá bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ní kí ó lọ bá òun ra orin kan.

Yínúsà ń fọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà náà, ní ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ń gbé ní Kuje. Táìlì ló ń tẹ́. Ìkirun ló ti wá sí Abùjá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fi orúnkún rìn nílẹ̀ ilé onílé, tó ń tẹ́ táìlì sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ àwọn tí kò fojú rí rí. Àlímátù, ìyàwó rẹ̀, ń ránṣọ níwájú ilé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Méjì kú ní kékeré, ó wá ku Balkis nìkan, òun náà sì kú lẹ́ni ọdún méjìlélógún. Àwọn aládùúgbò ṣì ń pe àwọn méjèèjì ní Bàbá Balkis àti Ìyá Balkis, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè é tán, wọn á dákẹ́ bí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Níyìolúwa, ọmọbìnrin ará Kábà tí òun àti Balkis jọ gbé yàrá kan ní Bwari, kó ẹrù olóògbé wá. Báàgì aṣọ kan ni, pẹ̀lú bàtà méjì àti ìkòkò ọbẹ̀ kékeré kan. Ó jókòó ti Àlímátù, ó sì sọ fún un pé kí àìsàn tó kọlu Balkis, ó ti kọ orin kan sílẹ̀ ní sítúdíò. Ọ̀gbẹ́ni Mùbárákù tó gba orin náà sílẹ̀ fún un ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ra orin sínú fóònù. Níyìolúwa ní òun ì bá ti gbé e sí wọn létí, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ fóònù òun lápò nínú ọkọ̀, Mùbárákù náà sì ti kúrò ní Abùjá, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Fóònù alábọ́tìnnì kékeré ni Àlímátù ń lò. Ti Yínúsà nìkan ló lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá a ní ẹ̀yìnkùlé.

"Orúkọ ọmọ yín ni kí ẹ wá níbẹ̀," ló wí. "Ẹ bá mi rà á. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Yínúsà ní òun ti gbọ́. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Pé kò sí ohùn Balkis kankan nínú ilé, Yínúsà ló fà á. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wọn fà á sẹ́yìn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé òun rí ọmọ rẹ̀ tó ń kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbi tí wọ́n ti ń mutí. Nígbà tó délé tó bi Balkis léèrè, ọmọ náà kò jiyàn. Ó ní òun kì í mutí, òun kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sùn. Iṣẹ́ ni òun ń ṣe, iṣẹ́ náà ni òun sì fẹ́ ṣe títí ayé. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orin kan lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná kó tó bínú.

Yínúsà kò gbọ́ ọ. Ó fi fóònù náà lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó mú òòlù tó fi ń gé etí táìlì, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Orin náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó lu àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí Balkis ti kọ láti ilé ìwé gíga ló wà nínú fóònù yẹn, àti àwòrán òun àti ìyá rẹ̀, àti ohùn àwọn méjèèjì tó gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré. Àlímátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Balkis kò sunkún. Ó ṣa àwọn àfọ́kù náà jọ, ó dì wọ́n sínú gèlè rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó lọ sí Bwari.

Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀. Ó máa ń wá wo ìyá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Yínúsà mọ̀, nítorí bó bá ti délé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú Àlímátù á ti fúyẹ́. Ó ń dúró kí ọmọ náà wá bẹ òun.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló pa á. Níyìolúwa rò pé ibà lásán ni, ó ń ra oògùn fún un ní kẹ́míìsì. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ìfun ti lu. Wọ́n sin ín ní Bwari ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nínú òjò, àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí tí kò mọ̀ ọ́n rí ni wọ́n sì bá Yínúsà gbẹ́ ilẹ̀.

Ohun kan wà tí Yínúsà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń gbé Balkis lọ sí ilé ìwòsàn, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà tuntun ni, ti fóònù alábọ́tìnnì kékeré tó rà ní Bwari, ṣùgbọ́n Yínúsà mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti wò ó nínú fóònù Àlímátù, ó sì ti fi orúkọ Balkis pa mọ́ sínú tirẹ̀. Ó rí orúkọ náà. Ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti pinnu pé bó bá pè lẹ́ẹ̀kẹrin, òun á gbé e.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Àlímátù bẹ̀ ẹ́, ó gbìyànjú láti ra orin náà nílé, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wọn kò lágbára. Dátà tó rà tán sórí ojú ewé kan ṣoṣo tí kò ṣí. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ní ẹ́sítéètì tuntun kan ní Jahi. Nígbà tó sọ ọ́ fún oníná tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ní kó lọ sí ilé kọfí tó wà lẹ́nu géètì. Ó ní bí èèyàn bá ti ra nǹkan mu níbẹ̀, wọn á fún un ní wáìfáì wọn, kò sì ní í san owó dátà.

Yínúsà gbọn eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ títí ó fi sú u, ó sì wọlé. Ibẹ̀ tutù. Ó wo ilẹ̀ kó tó wo nǹkan mìíràn, ó rí i pé ẹni tó tẹ́ táìlì ibẹ̀ kò jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ dọ́gba. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó níwájú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ béèrè tíì. Ọmọbìnrin tó ń tajà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì fi Yorùbá dá a lóhùn, Yorùbá àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abùjá, tó ń rọra tẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta. Ọláídé lorúkọ rẹ̀. Iye tó pe tíì náà ba Yínúsà lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó san án.

Ó sọ ohun tó bá wá fún un, ó sì na fóònù sí i. Ọláídé so ó mọ́ wáìfáì, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ra orin, ó béèrè orúkọ olórin náà.

Yínúsà ní Balkis Adégbọlá. Adégbọlá ni orúkọ bàbá Àlímátù. Ó dá a lójú pé lẹ́yìn ohun tí òun ṣe, ọmọ náà kò ní í fi orúkọ òun kọrin.

Ọláídé wá a, kò rí i. Ó wá Balkis nìkan, oríṣiríṣi èèyàn yọ, kò sí èyí tó jẹ́ òun. Ó béèrè bóyá ó ní orúkọ mìíràn. Yínúsà ní kó gbìyànjú Balkis Yínúsà wò.

Ó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orin kan ṣoṣo, àwòrán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Balkis ló dúró níwájú ògiri tí wọn kò tíì rẹ́, gèlè pupa lórí rẹ̀, òkè Bwari lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀ sí bí Yínúsà ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Dádì?" ni Ọláídé béèrè.

"Ọmọ mi ni."

Inú ọmọbìnrin náà dùn. Ó ní wọ́n kú oríire, pé ó dára bí bàbá ṣe ń ra orin ọmọ rẹ̀, nítorí bàbá tòun kò mọ ohun tí òun ń ṣe rárá. Yínúsà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohun tó kù.

Ó kó káàdì ATM rẹ̀ jáde, Ọláídé bá a tẹ àwọn nọ́ńbà náà. Báǹkì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, wọ́n tẹ ìyẹn náà sí i. Owó orin náà kò tó ìdá mẹ́wàá owó tíì. Ọláídé ní ó ti di tiwọn, ó béèrè bóyá kí òun tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Yínúsà ní rárá, pé ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà tó délé, Àlímátù ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ dé, ó jókòó lórí ibùsùn, ó ń dúró. Yínúsà gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, ó tẹ ibi tí Ọláídé fi hàn án. Àwòrán Balkis yọ. Lábẹ́ rẹ̀, òrùka kékeré kan ń yí, ó ń yí, kò sì sí ohùn. Wọ́n gbé fóònù náà lọ sẹ́nu fèrèsé, wọ́n gbé e jáde síta, wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Òrùka náà ń yí. Àlímátù fi ìka kan ojú ọmọ rẹ̀ lórí gíláàsì náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ẹ tún ti bà á jẹ́?"

Yínúsà búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àlímátù dá fóònù padà fún un, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Yínúsà ní kí wọ́n jọ lọ sí Jahi. Àlímátù wọ híjáàbù rẹ̀ tó dára, ó tẹ̀lé e. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n wọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn títí wọ́n fi dé ẹnu géètì, níbi tí ọlọ́dẹ ti kí wọn ní "sànnu" tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹ.

Ọláídé wo fóònù náà, ó ní kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Orin náà ti di tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fà á sọ̀kalẹ̀ sínú fóònù. Òun ló yẹ kí òun ṣe ìyẹn lánàá, òun ló gbàgbé. Ó tẹ ibì kan, wọ́n dúró, ó sì parí. Ó ní níbikíbi tí wọ́n bá wà báyìí, kódà bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á máa kọ. Ó yọ íyápíìsì tirẹ̀ láti inú báàgì, ó nù ún, ó sì fún Àlímátù.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire ọmọ," ló wí. "Ohùn rẹ̀ á dùn gan-an ni. Ẹ bá mi kí i."

Àlímátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó sì yé e pé kò sọ fún wọn níbẹ̀.

"Ó ti kú, ọmọ mi," ló sọ fún Ọláídé. "Ó ti lé ní ogójì ọjọ́."

Ọláídé ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó sì lọ gbé omi wá fún wọn, omi tí wọn kò béèrè, kò sì gba owó rẹ̀.

Àlímátù ki okùn íyápíìsì náà bọ etí méjèèjì, ó pa ojú dé, ó tẹ̀ ẹ́. Yínúsà jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Níbi tó wà, kò gbọ́ ju ìró kínkín kan lọ, bí ìgbà tí eṣinṣin bá wà nínú ìgò. Ojú Àlímátù kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kejì yìí, bí orin náà ṣe ń parí lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè, nítorí pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Ó ti wọlé, Balkis."

Àwọn tó wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà yíjú padà. Ó yọ okùn náà kúrò létí, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́, wọn kò gé e síbẹ̀, Balkis rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Ó ní bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló na apá kan okùn náà sí Yínúsà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò fún un ní nǹkan kan tí kì í ṣe oúnjẹ.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Ọmọ yín ni."

Yínúsà wo ọwọ́ rẹ̀. Kò gbà á. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà á báyìí, olè ni òun.

"Ó pè mí," ló wí.

Àlímátù kò gbọ́ ọ yé.

"Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí. Mo rí i. Mi ò gbé e."

Ọwọ́ Àlímátù ṣì wà lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú okùn náà. Ó béèrè ibi tó wà nígbà náà, bóyá ó wà lórí iṣẹ́, bóyá ariwo wà. Yínúsà ní rárá. Òun jókòó ni. Àwọn ti jẹun ọ̀sán tán, òun kò ṣe nǹkan kan.

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Mi ò mọ̀."

Àlímátù fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ki okùn náà bọ etí méjèèjì, ó sì tún gbọ́ orin náà látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó parí, ó pe Ọláídé, ó ní kó bá òun yọ síìmù bàbá kúrò nínú fóònù náà. Ọláídé wo Yínúsà, Yínúsà sì mi orí pé kó yọ ọ́. Wọ́n gbé síìmù náà sórí àwo kékeré tí wọ́n fi ń gbé ife tíì, ó sì dúró síbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àlímátù yọ gèlè kékeré kan láti inú báàgì rẹ̀, ó fi di fóònù náà, ó sì fi í padà síbẹ̀.

"Ẹ gba nọ́ńbà yín," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ pè yín á lè pè yín."

Ó dá wọ ọkọ̀ padà sí Kuje.

Kò bú u, kò sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rán àwọn aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán tó sì dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó dì í sínú àpò ìrẹsì, ó sì lọ sí Ìkirun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àwẹ̀ró. Yínúsà gbé àpò náà dé gáréèjì fún un. Ó béèrè ìgbà tó máa padà. Àlímátù ní òun kò tíì mọ̀. Láti ìgbà náà, Àwẹ̀ró ló ń gbé fóònù bí Yínúsà bá yá fóònù ẹlòmíràn pè wọ́n. Á ní ara Àlímátù le, ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń gbọ́ orin náà. Kì í pè é wá sórí fóònù.

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Yínúsà tó ra fóònù mìíràn. Ó mú un lọ sí ilé kọfí ní Jahi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun. Ó ra tíì, ó sì sọ fún Ọláídé pé òun fẹ́ tún orin náà rà. Ọláídé ní kò dìgbà tó bá rà á, pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni tó ni ín. Ó fà á wọ inú fóònù tuntun náà, ó sì rí i dájú lẹ́ẹ̀mejì pé ó wọlé. Ó fún un ní íyápíìsì, ó sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Yínúsà tẹ̀ ẹ́. Ìlù ló kọ́kọ́ wọlé, ó le, ó ń gbá etí. Lẹ́yìn náà ni ohùn Balkis. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, ó ń fi Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì là á. Orin nípa ọmọbìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì ni, tí òjò sì fẹ́ rọ̀. Yínúsà ń dúró kó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, tàbí èébú, tàbí ìdáríjì. Kò sí ìkankan nínú wọn. Orin lásán ni.

Kò sì dùn mọ́ ọn. Èyí ló dùn ún jù. Ó ti rò pé bí òun bá fetí sí i tán, òun á rí ohun tí àwọn tó kù rí, òun á sì lè sọ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ìlù náà pọ̀ jù létí rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan kò yé e, bó sì ṣe rí lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ṣì rí lára rẹ̀ báyìí. Ó gbọ́ ọ dé ibi ẹ̀rín náà. Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó tẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kẹta, tíì rẹ̀ ti tutù. Ọláídé wá béèrè bóyá kí òun pààrọ̀ rẹ̀, ó ní kò ní í san owó. Yínúsà fi ọwọ́ sọ fún un pé kò sí wàhálà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó padà sórí iṣẹ́. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó ń gbọ́ orin tí kò fẹ́ràn, ó sì rí i dájú pé òun gbọ́ ọ tán.